Ìwé Ṣúgà Tí Ẹ Fi Rán Mi sí Fúnmiláyọ̀

Bàbá mi àtàtà,

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ fún yín. Àpòòwé búráùn tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ lórí ibùsùn ọsibítù n'Íléṣà, tí ẹ ní kí n fún Fúnmiláyọ̀, n kò fún un. Oṣù mẹ́wàá ló fi wà nísàlẹ̀ àpótí mi l'Óṣogbo, lábẹ́ àwọn gèlè tí n kì í wé mọ́. Mo tún purọ́ fún un. Nígbà tó bi mí lẹ́yìn ìsìnkú bóyá ẹ fi nǹkan kan sílẹ̀ fún òun, mo wo ojú rẹ̀ kòrókòró, mo ní kò sí.

Ẹ má tíì bínú. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n má kọ ohun tí wọn ì bá fẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kọ lẹ́tà yìí.

Owú ni, Bàbá. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń jowú Fúnmiláyọ̀.

Ṣé ẹ rántí Sátidé tí ẹ ní kí àwa méjèèjì wá bá yín ní láàbù kẹ́mísírì yín? Ilé wa ṣì wà nínú ọgbà ilé-ìwé nígbà náà, màámi ṣì wà láyé. Fúnmi jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ olóbì kan láti Ìwàrà, kíláàsì kan ni mo fi ṣáájú rẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé kan ṣoṣo ló ní, àmọ́ gbogbo ìbéèrè yín ló máa ń dáhùn. Ẹ da omi búlúù yẹn, èyí tí a fi ń dán ṣúgà wò, sínú túùbù fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí oníkálukú lọ wá ohun dídùn tó bá rí, kó fi sí i, kó gbé e sórí iná, kó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sáré lọ sílé, mo mú ṣúgà onígun mẹ́rin méjì nínú agolo tíì màámi. Fúnmi ní tirẹ̀ yọ ìgò kékeré kan nínú báàgì, oyin tí bàbá rẹ̀ rí nínú oko ló wà níbẹ̀.

Tèmi hó títí, búlúù ló ṣì jẹ́. Tirẹ̀ yí sí àwọ̀ ewé, ó di yẹ́lò, ó pupa bíi bíríkì, gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì rọlẹ̀ sí ìdí túùbù. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ fọwọ́ lé e léjìká. Ẹ ní, "Ẹ wo ọmọ tó máa di onísáyẹ́ǹsì!" Bàbá, ọwọ́ yín yẹn, mo lè fi ìka tọ́ka sí ibi tó bà lé lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí dòní. Mo gbé túùbù tèmi sílẹ̀, mo jáde. Ẹ kò tẹ̀lé mi. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, mo lọ jókòó sí kíláàsì áàtì, níbi tí wọn kì í ti kọ́ sáyẹ́ǹsì, n kò sì wọ láàbù yín mọ́. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ẹ kò bi mí rí. Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ fún màámi pé ó jọ pé kẹ́mísírì kò bá mi lára mu.

Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Èmi di olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Óṣogbo. Fúnmi lọ sí yunifásítì, ó kàwé gboyè, ó sì padà wá sí ilé-ìwé yín gan-an láti wá máa kọ́ kẹ́mísírì. Àga yín ló jókòó lé nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn tí màámi lọ, òun ló ń yà sọ́dọ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá pè yín lórí fóònù, màá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn yín, àti ìró sítóófù. Bí mo bá béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ẹ ó ní, "Iṣẹ́ ilé-ìwé la ń ṣe." Iṣẹ́ ilé-ìwé wo ló kù fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì?

Mo wá rò pé ọ̀nà kan wà tí mo fi lè borí rẹ̀. Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, mo máa ń wọkọ̀ láti Òṣogbo, ọwọ́ mi kì í sì í ṣófo. Mọ́ọ̀tì onígò, èyí tó tutù, ni mo máa ń rà ní gáréèjì Iléṣà kí n tó gun ọ̀kadà wọlé. Búrẹ́dì aládùn tó ń yọ́ lẹ́nu. Àti oyin. Ẹ gbọ́, Bàbá, mo mọ̀ọ́mọ̀ máa ń ra oyin ni. Ìgò ńlá, kì í ṣe irú ìgò kékeré ti Fúnmi. Màá jókòó tì yín, màá máa wò yín bí ẹ ṣe ń mu mọ́ọ̀tì yẹn. Ẹ ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ẹ ó ní, "Ó dùn, ọmọ mi." Ọkàn mi á kún. Bí mo bá yọjú sí kíṣìnì tí mo rí ẹlúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èso igbá tí Fúnmi gbé wá, màá rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Màá ní ẹ wo ahun. Ṣé ohun tí wọ́n ń gbé lọ fún bàbá nìyẹn?

Lọ́jọ́ kan, ó pè mí lórí fóònù. Mo wà ní kíláàsì, àwọn ọmọ ń pariwo. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nípa Sà tí mo fẹ́ bá yín sọ." Bí ó ṣe pè yín ní Sà yẹn, bí ẹni pé òun ló mọ̀ yín jù, ló ká mi lára. Mo ní bí bàbá mi bá ní ọ̀rọ̀ láti bá mi sọ, ó ní ẹnu. Mo pa fóònù. Ó tún pè lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbé e. Ohun tí n kò lè gbàgbé láyé mi nìyẹn, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ara yín kọ̀ pátápátá, Fúnmi ló gbé yín dé ọsibítù. Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ní ìtọ̀ ṣúgà ti ba kíndìnrín yín jẹ́.

Mo ní, "Ẹ ṣàṣìṣe ni. Bàbá mi kò ní ìtọ̀ ṣúgà."

Dókítà yíjú sí Fúnmi. Fúnmi sì rọra sọ fún un pé, "Ọdún méje ló ti wà lára wọn, dókítà."

Ọdún méje, Bàbá. N kò tilẹ̀ ronú nípa àìsàn yẹn lákọ̀ọ́kọ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ohun tí mo rò ni pé ó mọ̀ fún ọdún méje, èmi kò mọ̀.

Fúnmi jáde lọ ra oògùn, ẹ sì fa àpòòwé náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ ní, "Fún Fúnmi. Má ṣí i." Mo dúró pé ẹ ó tún yọ òmíràn fún èmi. Ẹ di ojú, ẹ sùn. Ọjọ́ kejì rẹ̀ lẹ lọ.

Bóyá ǹ bá fún un bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ ìsìnkú. Fúnmi sunkún débi pé wọ́n ní láti gbé e jókòó. Èmi ò lè sunkún, ẹ mọ bí mo ṣe rí, omijé mi kì í yá. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí, òṣìṣẹ́ ìjọ ni, ó da nǹkan ìbora sí Fúnmi léjìká, ó ń pè é ní ọmọ òkú, ó ń ní kó mọ́kàn le, bàbá rẹ̀ ti sinmi. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn o. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ bàbá ni ẹ̀yin náà?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí yín, Bàbá. Bí mo ṣe padà dé Òṣogbo, mo ju àpòòwé náà sísàlẹ̀ àpótí.

Sátidé kan ní oṣù tó kọjá ni mo ṣí i. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni, ọjọ́ tí ǹ bá ti wà lójú ọ̀nà sọ́dọ̀ yín, n kò sì mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Ọ̀sán gangan ni. Mo fi ọ̀bẹ ya àpòòwé náà. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, etí rẹ̀ ti ká, pẹ̀lú bébà kékeré kan tí ẹ ká mẹ́rin.

Mo kọ́kọ́ ṣí ìwé náà. Ojú ewé àkọ́kọ́, ọwọ́ Fúnmi ni. Ó kọ ọ́ pé Sà sọ pé àwọn ń rí èèrà níbi tí àwọn tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, pé Sà mú ìtọ̀ náà wá sí láàbù, òun àti Sà jọ fi omi búlúù sè é, ó sì pupa, àmì pé ṣúgà wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ yín ni. Ọjọ́, àwọ̀, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun tí ẹ jẹ. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí ẹ ṣe ń bá àwọn ọmọ ṣe ìdánwò nìyẹn, ara yín lẹ wá fi ń ṣe é. Mo ń ṣí i, mo ń kà á:

"Fúnmi gbé ẹlúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Búlúù."

"Mo rìn dé ọjà, mo rìn padà. Búlúù."

"Ọmọ mi wá láti Òṣogbo. Ó gbé mọ́ọ̀tì wá, mo mu méjì. Pupa."

"Iyán níbi ìsìnkú. Yẹ́lò."

"Ọmọ mi wá. Oyin àti búrẹ́dì. Pupa bíi bíríkì."

Mo ti ìwé náà pa. Mo tún ṣí i. Oṣù dé oṣù, ibi tí mo bá ti rí ara mi, pupa ló wà níwájú rẹ̀. Ibi tí Fúnmi bá wà, búlúù. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé àní nínú ìtọ̀ yín pàápàá, Fúnmi borí mi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ mí lára. Mo ń fi ọwọ́ ara mi gbé e wá fún yín. Mo ń jókòó tì yín kí ó lè dá mi lójú pé ẹ mu ún tán.

Mo tú bébà kékeré náà. Ẹ kọ ọ́ pé: "Fúnmiláyọ̀, fi ìwé yìí kọ́ àwọn ọmọ. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sè nínú túùbù, inú ara èèyàn pàápàá ló ti ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ kọ́kọ́ ya gbogbo ojú ewé tí ọmọ mi wà kúrò. N kò fẹ́ kó rí i láé."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, Bàbá. Ẹkún tí n kò rí sun níbi ìsìnkú yín, mo sun ún lórí àpótí.

Ọjọ́ Ajé, mo gba àyè ní ibi iṣẹ́, mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Inú láàbù ni mo ti bá Fúnmi, àwọn ọmọ ti lọ sílé, ó ń fọ túùbù. Ó nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo gbé ìwé náà lé orí tábìlì. Ó mọ̀ ọ́n kí n tó yọ ọwọ́ mi kúrò lórí rẹ̀.

Mo ní, "Ọwọ́ mi ló ti wà. Mo purọ́ fún ọ."

Ó ṣí ìwé náà, ó ka bébà yín, ó tún un kà. Ó wá ní, "Ẹ ti kà á."

"Mo ti kà á. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo pè yín, Àǹtí mi. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó jókòó sí orí àga gíga tí àwọn ọmọ ń lò, ó ní ọjọ́ tí òun pè mí yẹn, òun bá yín jà ni. Ó ní òun sọ fún yín pé kí ẹ sọ fún mi kí n yé gbé nǹkan dídùn wá. "Sà ní rárá. Wọ́n ní ẹ̀yin kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ pẹ̀lú àwọn, pé ìgbà tí ẹ bá ń wo àwọn bí wọ́n ṣe ń mu mọ́ọ̀tì yẹn nìkan ni ojú yín máa ń tú ká. Wọ́n ní àwọn kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ yín."

Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé nítorí ojú mi lẹ ṣe ń mu májèlé? Kí ló dé tí ẹ kò wulẹ̀ fi ọ̀rọ̀ tú ojú mi ká?

Mo ní kó jẹ́ kí n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó da omi búlúù sínú túùbù méjì. Nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ṣúgà onígun mẹ́rin àti oyin. Mo ti fẹ́ dìde. Ó ní, "Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ wò ó." Ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí túùbù tirẹ̀, ó fún mi ní túùbù méjèèjì kí n fi ọwọ́ ara mi gbé wọn sínú omi tó ń hó. Oyin pupa. Ṣúgà dúró sí búlúù, bíi ti ìgbà yẹn.

Ó ní, "Ṣúgà inú tíì kì í yí i padà láé, ẹnikẹ́ni tí ì báà sè é. Ẹyọ ṣúgà kéékèèké méjì ló so pọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti gba ọ́síjìn lára kọ́pà inú omi búlúù yìí, ibẹ̀ ni wọ́n fi di ara wọn mú. Ti oyin ti tú sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá ti gba ọ́síjìn yẹn, ó di ásíìdì, kọ́pà á sì pupa. Ohun tí ọksidéṣọ̀n jẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kò ṣe é tì nígbà náà. Ohun tí ẹ rí ló yẹ kí ẹ rí."

Mo ní, "Bàbá sì pàtẹ́wọ́ fún ọ."

"Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí ẹ jáde, wọ́n ní tiyín ló ṣòro jù, pé ìbéèrè gidi wà nínú tiyín. Wọ́n gbé túùbù yín sójú fèrèsé. Wọ́n ní ẹ ó padà wá béèrè ìdí rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó dà á nù."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Inú ilé kan náà la jọ ń sùn, Bàbá. Orí tábìlì kan náà la ti ń jẹun. Ẹ̀yin ń dúró kí n béèrè, èmi ń dúró kí ẹ pè mí. Mo bínú sí yín nínú láàbù yẹn ju bí mo ṣe bínú sí yín rí lọ, mo sì fẹ́ràn yín, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Fúnmi mú abẹ, ó fẹ́ máa ya àwọn ojú ewé tèmi kúrò bí ẹ ṣe wí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní, "Sà ní ẹ kò gbọ̀dọ̀ rí i." Mo ní mo ti rí i, iṣẹ́ tí Sà rán wa ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo padà lọ. Mo dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nígbà tó ń ka ìwé náà fún wọn. Nígbà tó dé ibi tí ẹ kọ "ọmọ mi wá", mo ní, "Èmi ni ọmọ náà." Ọmọbìnrin kan tó jókòó síwájú nawọ́ sókè. Ó ní ìyá àgbà òun n'Ítagúnmódi ní irú àìsàn yẹn, òun ló sì máa ń ra mínírà fún wọn nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Mà, kí ni kí n wá máa rà fún wọn?" Mo wo Fúnmi kó dáhùn. Fúnmi náà ń wò mí kí n dáhùn. Mo wá sọ fún ọmọ náà pé kó máa gbé ẹlúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, kó jókòó tì wọ́n, kó sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ gan-an.

Àyájọ́ ọdún kan tí ẹ ti lọ ti dé tán. Àbúrò mi tó wà n'Íbàdàn ní kí n bá wa kọ ohun tí yóò wà lẹ́yìn káàdì ìsìn ìrántí, pé kí n to orúkọ àwọn ọmọ olóògbé síbẹ̀. Àwa méjì péré lẹ bí. Mo kọ orúkọ mẹ́ta. Àbúrò mi pè, ó ní ta ni Fúnmiláyọ̀ tó wà níbí, ṣé àwọn tó ń tẹ̀wé ló ṣe àṣìṣe ni? Mo ní kò sí àṣìṣe, ọmọ Bàbá ni, kó lọ bọ̀wọ̀ fún un.

Orúkọ tèmi ni mo fi síwájú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò lè gbé ìyẹn fún un. Mo sì ní kí wọ́n fi lẹ́tà tó dúdú tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni,
Àkọ́bí yín l'Óṣogbo, tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tíì jowú tán.